Àdéhùn Oṣù Mẹ́ta Tí Ẹfúnwùmí Pa

Ẹni tó bá rò pé ìwé asuráńsì, ìwé adójútòfò ọkọ̀, kò ju páálí tí àwọn jàǹdáámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, ń béèrè lọ, kó fara balẹ̀ gbọ́ ti Ẹfúnwùmí, ìyàwó Ògúntóyè, ní Adja-Ouèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó tún ní kí n má ṣe yí orúkọ òun padà, pé èyí tí òun fi pa mọ́ nígbà náà ti tó.

Ní ọdún 1966, Ògúntóyè ní ọkọ̀ bàṣé kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Ṣàngóbíyì, ló ń wà á. Gàrí àti epo ni wọ́n fi ń kó láti Massè àti Ikpinlè lọ sí ọjà Pobè. Ògúntóyè kò mọ̀wé rárá. Ẹfúnwùmí ló mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọdé tí katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀sìn, ń kọ́ títí ó fi lè ka Faransé. Òun ni ọkọ rẹ̀ rán lọ sí Pobè láti lọ gba asuráńsì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé, òun ló fọwọ́ sí i, kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé sì wà ní ìbàdí rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n gbà á fún, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹfà. Wọn kò gba ti ọdún kan, nítorí ọkọ̀ náà kì í ṣiṣẹ́ yípo ọdún. Bí òjò bá ti wọlé dáadáa, ẹrẹ̀ dúdú tó wà lọ́nà Massè á máa gbé táyà mì. Ṣàngóbíyì á wá gbé ọkọ̀ gun orí ìtì igi mẹ́rin, á tú táyà rẹ̀, á so wọ́n rọ̀ sí àjà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò wà títí ilẹ̀ á fi gbẹ.

Lọ́dún náà, òjò yá. Kí oṣù karùn-ún tó dé ìdajì, ọkọ̀ ti gun igi. Múdàṣírù, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, a máa béèrè láràárọ̀ pé ìgbà wo ni adìẹ tó ń sàba yìí máa pa ọmọ.

"Ó ti pa tirẹ̀ tipẹ́," Ṣàngóbíyì á dá a lóhùn. "Ìwọ ni àkọ́pa."

Ẹfúnwùmí náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti rẹ́rìn-ín tán, á tún wo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìyá náà ń gbé ní Tatonnonkon, nínú ilé tí koríko orí rẹ̀ ti jẹrà. Lọ́jọ́ tí Ẹfúnwùmí lọ kí i, ó bá a tó ká ẹní rẹ̀ sábẹ́ apá, tó ń wá igun tí omi kò tíì dé. Ìyá kò ṣàròyé o. Ó kàn ní kí ọmọ òun wá jókòó síbi tí òun jókòó sí, pé ibẹ̀ nìkan ló gbẹ. Ẹfúnwùmí ti sọ fún Ògúntóyè lẹ́ẹ̀mejì, Ògúntóyè sì ti ní kó di ìgbà tí wọ́n bá kó àgbàdo.

Nígbà tó padà délé, ó ṣí àpótí, ó mú ìwé asuráńsì jáde, ó ka àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn lè pa á, kó fagi lé e, kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àti pé ilé-iṣẹ́ yóò dá díẹ̀ padà nínú ohun tí wọ́n gbà.

Ó wo ìwé náà. Ó wo ọkọ̀ tó wà lórí igi. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí gan-an ni wọ́n ń gba owó lé lórí, ìtì igi mẹ́rin?

Lọ́jọ́ ọjà Pobè tó tẹ̀lé e, ó bá ara rẹ̀ níwájú Rogatien, aṣojú ilé-iṣẹ́ asuráńsì náà. Ọmọ Porto-Novo ni, ó ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ahọ́n Gun, èdè ìlú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Rogatien kò tan obìnrin yìí jẹ. Ó ṣàlàyé fún un ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ gbọ́ lọ.

Ó ní kí ó fi í sílẹ̀ kó parí fúnra rẹ̀. Ó ní àdéhùn kúkúrú kò dà bíi ti ọdún kan. Nínú ti oṣù mẹ́ta, oṣù tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ti di jíjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ni a lò nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n máa dá padà kò ní tó nǹkan. Ó ní bí òun bá gba lẹ́tà rẹ̀ lónìí, àdéhùn kú ní ọ̀sán ọ̀la, ní agogo méjìlá gééré, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí ọkọ̀ bá fà, orí ẹni tó ni ín ló wà. Ó sì gbọ́dọ̀ dá páálí asuráńsì padà kó tó gba ohunkóhun.

Ẹfúnwùmí bi í pé ṣé wọn kò lè bá òun gbé e dúró díẹ̀, kí ó sùn títí òjò á fi dá, kí ó tún jí.

"Èyí tó jẹ́ ti ọdún kan la lè dá dúró báyẹn, Màdáámù. Èyí kéré jù. Ẹ fi í sílẹ̀ ni, àbí ẹ pa á ni." Ó fi páálí náà lé orí tábìlì. "Bàbá Jeanne, ọkọ yín, mọ̀ sí i?"

"Àwọn ló rán mi."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀ bí ìkíni.

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà ní Faransé. Rogatien kà á, kò tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe níbẹ̀. Inú Ẹfúnwùmí dùn sí ìyẹn, ó jẹ́wọ́ fún mi. Ó ń lọ pa àdéhùn tó ń ṣọ́ ilé ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ wá ń dùn pé òun kò ṣì í kọ.

Ohun tí wọ́n dá padà fún un kò tó orí ilé. Páànù tó bo apá ibi tí ìyá ń sùn sí ló rí rà. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló rà á. Ògúntóyè ní kí Ọlọ́run san án fún ẹ̀gbọ́n náà. Irọ́ kejì nìyẹn.

Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí Ìyábùnmi fi kú ní Ikpinlè.

Ìyábùnmi ni àbúrò bàbá Ògúntóyè, arúgbó tó lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Massè ni ilé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ sin ín sí. Oòrùn ti ràn fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, ojú ọ̀nà ti ń funfun. Ògúntóyè sọ fún Ṣàngóbíyì pé kó sọ táyà kalẹ̀ láti àjà.

Ẹfúnwùmí ní ṣé àwọn ọkùnrin kò lè fi èjìká gbé e bíi tàtijọ́. Ó ní ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́. Ó ní táyà ti pẹ́ lókè.

"Obìnrin tó pọ̀n mí dàgbà nìyẹn, Ìyá Jeanne," ni Ògúntóyè wí. "Ọkọ̀ mi wà nílé, kí n wá máa bẹ èjìká àwọn ẹlòmíì?"

Ní agbègbè tiwọn, ẹni tó bá ní ọkọ̀ kò lè fi du òkú. Bó bá ń bá ilé náà jà pàápàá, á fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi gbé òkú lọ sílé, ìjà á wá máa bá a lọ tí wọ́n bá sin ín tán. Ẹfúnwùmí mọ èyí kí ó tó mọ ìwé. Ó ti ṣírò òjò, ó ti ṣírò ẹrẹ̀. Kò ṣírò òkú.

Ṣàngóbíyì fọ ọkọ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ìyàwó mi, akọ̀wé wa, ìwé ọkọ̀ dà?"

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló yẹ kó jáde níbẹ̀: ọkọ̀ yìí kò ní asuráńsì. Wọn ì bá pariwo lé e lórí. Wọn ì bá wá èjìká tó máa gbé òkú. Ìyẹn ni ìbá parí rẹ̀.

"Ó wà nínú àpótí, ọkọ mi," ni ó wí. "Jàǹdáámù wo ló fẹ́ dá òkú dúró?" Irọ́ kẹta nìyẹn.

Ṣàngóbíyì rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, pé àwọn yẹn náà ń bẹ̀rù. Ó lọ wọ ọkọ̀.

Wọ́n gbé Ìyábùnmi ní Ikpinlè. Ẹfúnwùmí àti àwọn obìnrin ilé jókòó yí pósí ká lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé Massè, wọ́n pàdé Fátókun adẹ́mu tó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ dá ẹmu, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ léjìká rẹ̀. Ẹni tó bá pàdé òkú lọ́nà níbẹ̀ kì í kọjá. Fátókun yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sọ akèrègbè ẹmu kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fẹ̀yìn ti igi ọ̀pẹ kan, ó dúró kí òkú kọjá.

Ọkọ̀ kò sáré. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Ojú ilẹ̀ ló gbẹ, abẹ́ rẹ̀ kò gbẹ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yọ̀, iwájú tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ wá ń rọra yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, Ṣàngóbíyì ń yí ọwọ́ ọkọ̀, ọwọ́ ọkọ̀ kò gbọ́. Ó fún ẹsẹ̀ Fátókun mọ́ igi ọ̀pẹ tó fẹ̀yìn tì.

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn kò rí i. Igbe ni wọ́n gbọ́. Ẹfúnwùmí sọ fún mi pé kó tó mọ ẹni tó ké, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn òun ni agogo méjìlá ọ̀sán.

Wọ́n gbé Fátókun lọ sí ilé ìwòsàn ní Porto-Novo. Àwọn jàǹdáámù wá, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n ní kí Ògúntóyè mú ìwé asuráńsì wá láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Ògúntóyè kò tilẹ̀ fòyà. Ó lọ bá Abọ́dúndé, ìyàwó Fátókun, nílé, ó jókòó tì í. Ó ní kó má sunkún. Ó ní ọkọ rẹ̀ kò ní di alágbe, pé kì í ṣe àánú ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, torí ohun tí asuráńsì wà fún nìyẹn. Abọ́dúndé nu ojú. Lọ́jọ́ kejì ó wá sí Adja-Ouèrè, ó kúnlẹ̀ níwájú Ẹfúnwùmí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé òun ló lọ gbà á ní Pobè.

Ẹfúnwùmí gbé e dìde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ó lọ bá Rogatien ní òun nìkan. Ó kó ohun tó rí yá lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà sínú aṣọ, ó tú u sórí tábìlì rẹ̀. Ó ní kí ó gbà á, kí ó ya lẹ́tà yẹn, kí ó ṣe bí ẹni pé òun kò wá rí.

Rogatien kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní lẹ́tà ti dé Cotonou. Ó ní bí ó bá tilẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ òun, òun kò ní ya á.

"Ẹ bá mi gba òmíràn nígbà náà," ni Ẹfúnwùmí wí. "Ẹ kọ ọjọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá náà sí i lára."

"Asuráńsì kì í wẹ̀yìn, Màdáámù. Iwájú nìkan ló ń wò."

"Oṣù mẹ́ta ni mo san. Oṣù kẹfà kò tíì parí."

"Òótọ́ ni," ni Rogatien wí. "Ká ní ẹ kò fọwọ́ kàn án, ó ṣì wà láàyè lónìí."

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta, ibẹ̀ yẹn ló sì máa ń tún sọ lẹ́ẹ̀kejì. Inú á bí mi sí i, inú á sì bí mi sí ìwé náà. Ìwé tó mọ wákàtí tó máa kú, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jí.

Rogatien ní kí ó padà lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ kí òun má bàa jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́. Ó ṣèlérí. Ó délé, Ògúntóyè ní kó mú ìwé wá, Ẹfúnwùmí sì dá a lóhùn pé òjò ti pa á, ó ti ya. Irọ́ kẹrin. Ògúntóyè ní kò burú, kí gbogbo wọn lọ sí Pobè lọ́la kí Rogatien kọ òmíràn fún wọn.

Mẹ́rin ni wọ́n tí wọ́n lọ. Ògúntóyè wọ agbádá tó fi ń lọ síbi ìsìnkú. Abọ́dúndé ti Porto-Novo dé ní ìrọ̀lẹ́ àná, ìwé tí dókítà kọ wà nínú ìṣẹ́po ìró rẹ̀. Ṣàngóbíyì kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹfúnwùmí ló rìn kẹ́yìn.

Rogatien rí wọn, ó dìde. Ẹfúnwùmí ló kọ́kọ́ wò.

"Màdáámù, ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ wo?" ni Ògúntóyè bi í.

Ẹfúnwùmí wolẹ̀. Rogatien dúró, ó dúró pẹ́, ó fún un láyè tó tó. Nígbà tí kò sí ohun tó jáde, ó ṣí fáìlì, ó ka lẹ́tà náà ní Faransé, ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Ó ka ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó ka pé ẹni tó gba asuráńsì náà kò fẹ́ ẹ mọ́. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, kò ka orúkọ.

"Ta ló fọwọ́ sí i?" ni Ògúntóyè wí.

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ṣàngóbíyì, ìwọ ni?"

"Èmi tí n kò mọ̀wé, ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni," ni Ẹfúnwùmí wí.

Abọ́dúndé kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ìwé dókítà jáde nínú ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ìgbà wo wá ni wọ́n máa san án?"

Rogatien wo ìwé náà, kò mú un. Abọ́dúndé yíjú sí Ẹfúnwùmí, nítorí òun ni ó mọ̀wé láàárín wọn, ó tún bi í ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó rò pé òun kò sọ ọ́ dáadáa: "Ìyá Jeanne, wọ́n ní ìgbà wo?"

Ògúntóyè dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rogatien, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó jáde. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀, kò sì pariwo. Ó ní, "Bí o bá bi mí, mo máa ní kí o má ṣe é. O mọ̀. Ìdí nìyẹn tí o kò fi bi mí."

Kò na án. Kò lé e. Ó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn nìkan. Wọ́n ta ọkọ̀ náà, ohun tó mú wá lọ sọ́wọ́ ìjọba fún ìtanràn, àti sí ilé ìwòsàn, ó tán, ìtọ́jú kò tán. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Fátókun lókè orúnkún. Ṣàngóbíyì kò pe Ẹfúnwùmí ní ìyàwó mi mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ní Tatonnonkon gbọ́ ibi tí páànù ti wá, ó ká ẹní rẹ̀ padà sí apá ibi tó ń jò. Ẹfúnwùmí bẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ náà ló sùn.

Ẹ̀yin obìnrin tí àpótí ilé wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gba asuráńsì oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta, kódà bí ọkọ̀ bá ń sùn. Ohun tí wọ́n máa dá padà fún yín kéré, ohun tí ẹ máa dá padà fún wọn tóbi. Ẹ kò mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá sì ti pa á, ẹ sọ ọ́ síta lójú gbogbo ilé. Ìtìjú ọjọ́ kan kò pa ènìyàn rí.

Ní oṣù kẹsàn-án, Fátókun padà sí Massè. Ẹfúnwùmí lọ bá a. Ó bá a lórí àpótí ìjókòó lẹ́yìn ilé, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó lójú rẹ̀. Fátókun ní kó dìde, kó jókòó, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún òun, torí gbogbo ẹni tó ń wá ń sọ asuráńsì, asuráńsì, òun kò mọ ohun tí ó jẹ́.

Ó ṣàlàyé. Oṣù mẹ́ta. Lẹ́tà. Agogo méjìlá ọ̀sán. Fátókun gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì já lu ọ̀rọ̀.

"Orúkọ mi wà nínú àdéhùn yẹn?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà ló wà fún."

"Ó wà fún mi nígbà náà, n kò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O wá pa á, n kò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Fátókun wo àwọn ọ̀pẹ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹlòmíì ti ń gun méjì nínú wọn.

"Bí ẹ bá pa á báyẹn," ni ó wí, "ta ló ń sọ fún àwa tí à ń rìn lójú ọ̀nà?"

Ẹfúnwùmí ronú gan-an kó tó dáhùn. Ó ka gbogbo ìwé náà lọ́kàn, iwájú àti ẹ̀yìn.

"Kò sẹ́ni tó ń sọ fún yín," ni ó wí.

Fátókun mi orí. Ó ní kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀, pé oòrùn ti dé ọ̀dọ̀ òun. Abọ́dúndé wá mú apá kan. Ẹfúnwùmí na ọwọ́ sí apá kejì, Fátókun sì rọra fa apá náà sẹ́yìn, ó fi di ògiri mú.